Gìtá Alàgbà

Inú takisí Karu ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu tọkọtaya àgbàlagbà kan tí wọ́n jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀.

"Òyìnbó ti tún àwo rọ́ọ̀kì wa àtijọ́ gbé jáde," ni ọkọ wí. "Ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àyà mi ń já."

"Ṣebí gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ẹ ti ta gìtá fáyé rí?"

"Wọn ò mọ tibí yìí. Gìtá tí mo máa ń ta tí wọ́n fi ń sunkún, tí wọ́n ń yí nílẹ̀, tí mo ní Ẹ̀mí ló fi hàn mí lójú àlá, inú àwo yẹn ló wà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ etí mi ti débẹ̀. "A ti fa igbó yó ká tó gbà á sílẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Orin yẹn ni mo ń jó lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí mi. Ṣé ẹ rò pé mi ò dá a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ọkọ sún mọ́ ọn létí.

"Ṣé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n?"

"Èmi àti ìyàwó Pásítọ̀ la jọ lọ síbi ijó náà."