Èmi Ni Mo Bẹ Kọ́ọ̀tù Fún Ẹni Tó Pa Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹnu èmi fúnra mi ni mo fi yọ ẹni tó pa ọmọ mi lẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Inú ilé bàbá wa ní Alákijà la jọ ń gbé báyìí. Bó bá ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì mọ́ra mi.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo pè é lórí GSM tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo ní kó bá mi mú Bùsọ́lá, àkọ́bí mi, wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Trade Fair, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ló ti ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé bíà lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mu láti àárọ̀. Ó fi eré àsápajúdé gbá ògiri ẹ̀gbẹ́ títì. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló fi ṣẹ́. Bùsọ́lá ò dé ọsibítù láàyè. Ọmọ ọdún méje! Kí ló ṣe?

Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ni lọ́yà rẹ̀ bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ní òun ò jiyàn pé ó mutí wakọ̀, ọdún ẹ̀wọ̀n ló pọ̀ jù, àti pé bí ìyá òkú bá búra pé òun ti foríjì í, kọ́ọ̀tù á ṣàánú. Mo ní láéláé. Ìyá mi wá bá mi nílé ọkọ mi, ó tú gèlè, ó kúnlẹ̀ fún èmi tó bí, ó sì fa ọmú yọ.

"Ọmú tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ mu rèé, mo fi bẹ̀ ẹ́. Tìẹ ti lọ. Má jẹ́ kí tèmi náà kú sẹ́wọ̀n."

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ni nínú yín tó lè kọ ọmú ìyá rẹ̀? Mo lọ búra. Wọ́n gé ọdún méje sí méjì. Ọkọ mi ò bá mi jà, ó kàn kó èmi àti Démọ́lá, ọmọ tó kù, padà sílé bàbá mi, ó ní kí n máa bá ẹni tí mo yàn gbé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ṣe ìdúpẹ́. Ó gba máíìkì, ó ní, "Praise the Lord! Àwọn ọ̀tá ní mi ò ní jáde láàyè, God ti shame wọn!" Kò dárúkọ Bùsọ́lá. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi pé kí n dìde, gbogbo ẹbí ló ń jó tẹ̀lé e. Mo jó o! Mo tilẹ̀ ń ju áńkáṣíìfù sókè. Mo kórìíra ara mi.

Ó ti ra mọ́tò mìíràn, ó sì ti padà sídìí ọtí. Láàárọ̀ òní, ó fun fèrè lẹ́nu géètì.

"Démọ́lá, oya, wọlé, kí n já ẹ sí school."

Mo fa ọmọ mi padà. Ìyá mi ní ṣebí mo ti foríjì í ní kọ́ọ̀tù, kí ni mo tún ń wá? Ó ní bí mo bá tún dójú tì í, kí n kó ẹrù mi jáde. Níbo ni kí n kó lọ? Ṣé kí n padà lọ sọ fún adájọ́ pé irọ́ ni mo búra? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é. Láàárọ̀ ọ̀la, á tún fun fèrè.