Ohùn Màmá Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí èmi fúnra mi ò lè jókòó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mo tún ń jókòó. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ mọ́ ìkòkò. Rédíò kékeré tó wà lórí pẹpẹ, mo tàn án, mo pa á, mo tún tàn án, àwọn tí a jọ háyà yàrá nínú ilé yìí ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, sì ti ń wò mí tìyanutìyanu. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló ń dà mí láàmú. Ì bá sàn kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Òjó, ọmọ màmá tó tọ́ mi dàgbà, ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Ó ń kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì bọ̀ láti Oǹdó kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú, tí mo sọ fún un pé ó wà lọ́wọ́ mi nínú téèpù. Irọ́ ni mo pa. Ohùn náà kò sí níbì kankan mọ́, èmi gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, bàbá mi sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ifẹ̀wàrà. Òun ni mò ń pè ní Màmá, mi ò mọ ìyá mìíràn. Opó ni, ó ní oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì ní ọmọ kan ṣoṣo, Òjó, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ oko kòkó mọ̀ pé inú rẹ̀ máa ń ṣú lọ́sàn-án gangan, èèyàn lè dúró nítòsí rẹ kí o má rí i. Nítorí èyí ni Màmá fi kọ́ wa pé bí a bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni pe orúkọ wa nínú oko, a ò gbọdọ̀ dáhùn, nítorí a ò mọ ohun tó ń pè wá. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló mọ òfin yìí. Ohùn tirẹ̀ nìkan ni kí a jẹ́. Bó ṣe máa ń pè wá sì yàtọ̀: yóò kọ́kọ́ ké “Hùúúú,” yóò fà á gùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò ké e, ìkẹta yóò sì lọ sókè ju àwọn tó kù lọ, lẹ́yìn náà ló máa tó dárúkọ. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ibi yòówù kí a wà, a ó sáré.

Èmi náà mọ̀ ọ́n ké. Àfi bí ẹni pé ọ̀fun kan náà ni èmi àti Màmá jọ ń lò. Lọ́jọ́ kan tí Òjó ń wẹ̀ lódò, mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi, mo ké e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú, ó ṣubú lórí àpáta, eyín rẹ̀ kan sì yọ. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń rín o. Màmá nà mí lọ́jọ́ náà, ẹ ò lè mọ bí ó ti nà mí tó. Nígbà tó nà mí tán, ó fà mí létí, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Má fi ohùn mi pe ọmọ mi mọ́ o.”

Nígbà tí Òjó di géńdé, ó ní òun ò ṣe oko mọ́, iṣẹ́ mẹkáníìkì lòun fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo láàárín ìyá àti ọmọ. Ìgbà ìkórè kòkó ni, Màmá ò sì ní ẹlòmíràn. Nínú ìbínú ló sọ fún un pé, “Máa lọ. O ò gbọdọ̀ tẹ ulé yìí mọ́ àfi bí mo bá fi ẹnu ara mi pè ọ́.” Òjó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. A ò mọ ibi tó gbà. Bí Màmá bá ti ń jẹun lálẹ́, á bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, á sì dé e.

Lákòókò yẹn, èmi ti jáde ilé ìwé, mo sì ti ríṣẹ́ ní Òṣogbo. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, wọ́n wá ṣí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan sí Òkè-Fìà, yàrá méjì péré lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Òṣogbo, Mùsùlùmí ni, inú agboolé aláró ni wọ́n ti bí i. Ó máa ń sọ pé ó ti pẹ́ tí rédíò ti ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ láìgbọ́ èsì, pé abájọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, àti pé àwa ni a máa gba èsì náà. Ó dá ètò kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Ẹnu Ará Ìlú. Èmi ni mò ń gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ káàkiri, ó wúwo bí òkúta, mo sì gbé e dé ibi tí ọkọ̀ ò dé. Mo gba ohùn aláró tó ń ṣàlàyé ìdí tí ìkòkò aró rẹ̀ fi kọ̀ tí kò mu. Mo gba ohùn aláàárù Nupe ní ibùdókọ̀ ojú irin, tó ń sọ Yorùbá tirẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Mo gba ti àgbẹ̀, mo gba ti agbẹ̀bí. Àwọn èèyàn á gbé àga wá sí iwájú rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdé, bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n á pariwo. Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá fún wa. “Bó ṣe wá lẹ́nu oníkálukú ni kó ṣe lọ, wàláì. Ẹ má bá mi tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe.”

Ṣé ẹ rí i bí iṣẹ́ náà ti dára tó? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ́fíìsì, ọmọ Òṣogbo ni wọ́n mọ̀ mí sí. Kì í ṣe pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀ ni, mo sì dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń bá wa gé téèpù, bí a bá ti gba ohùn ará Ìjẹ̀ṣà wálé, á máa sín in jẹ, á máa pe ilé ní ulé, á máa pe iṣu ní usu, gbogbo wa á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló máa ń ròkè jù. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Màmá gbọ́ ètò náà nílé aládùúgbò, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ pe Òjó. Ó ní ibi yòówù kó wà, rédíò á wà níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lọ bá a ní Ifẹ̀wàrà. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè tó máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí àpótí láàárín agbàlá, ó bi mí pé ibo ni kí òun kọjú sí. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sọ ibi tó ti wá. Ó kàn gbé orí sókè, ó ké e. Hùúúú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìkẹta lọ sókè. Lẹ́yìn náà ó ní, “Òjó, ọmọ mi, èmi yèyé rẹ ni o. Mo ti fi ẹnu mi pè ọ́ o. Wá sí ulé. Ọmọ mi tí mo tọ́, tó wà ní rédíò, òun ló gbé ẹ̀rọ wá. Wá sí ulé, Òjó.” Ó wá nawọ́ sí ẹ̀rọ, ó bi mí pé, “Ṣé ó ti wọlé?” Mo ní ó ti wọlé. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, èmi nìkan ló kù tí yóò to ètò náà. Mo tẹ téèpù náà nínú ọ́fíìsì, ohùn Màmá gba gbogbo yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọkùnrin tó ń gé téèpù yẹn lórí àtẹ̀gùn. Mo ro bí yóò ṣe máa ké Hùúúú káàkiri Òkè-Fìà. Mo ro bí wọn yóò ṣe bi mí léèrè pé, “Ìyá ẹ nìyẹn? Ará oko nìyẹn?” Mo pa á kíá. Nígbà tó mú ohun tó wá mú tó lọ, mo ti ìlẹ̀kùn, mo kọ ọ̀rọ̀ Màmá sínú ìwé ní Yorùbá olówó iyebíye, mo sì fi ohùn tí mo fi ń ka ìkéde kà á sórí téèpù kan náà: “Màmá àgbàlagbà kan ní ìlú Ifẹ̀wàrà ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ rọ ọmọ rẹ̀, Òjó, láti padà sílé láìjáfara.” Téèpù wọ́n wa nígbà náà, a máa ń gba ọ̀rọ̀ tuntun sórí ti àtijọ́, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ti ń ka tèmi ni ti Màmá ń lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó bi mí pé ohùn màmá náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, mo ní ẹ̀rọ ló bà á jẹ́. Mo tún lọ sí Ifẹ̀wàrà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n sọ fún mi pé gbogbo àdúgbò ló péjọ sílé Màmá lọ́jọ́ Tọ́sìdé náà, pé ó tilẹ̀ yan ẹ̀pà fún wọn. Ó jẹ́ kí n jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ohùn tìrẹ ni mo gbọ́. Tèmi dà?” Mo tún purọ́ ẹ̀rọ. Ó ní, “Kò burú. Tún gbé e wá, màá tún un pè.” Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ pé mo sọ “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” fún odidi ọdún kan ó lé? Ó ń rán awakọ̀ sí mi, mo ń rán awakọ̀ padà. Títí àìsàn fi kọlù ú, tí apá kan ara rẹ̀ kú, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé ẹ̀rọ sáré lọ nígbà náà. Ó rí ẹ̀rọ náà, ó gbìyànjú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, èémí nìkan ló ń jáde. Kò pẹ́ tó fi kú.

Òjó gbọ́ ikú rẹ̀ lẹ́nu oníkòkó kan, ìgbà tó máa fi dé, a ti sin Màmá. Ó jókòó ti sàréè náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé omi lọ fún un, ó sì sọ fún mi pé, “Ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo gbọ́ nǹkan kan lórí rédíò níbi iṣẹ́ wa ní Oǹdó? Obìnrin kan báyìí tó ń sọ̀rọ̀ bíi tíṣà ló pe orúkọ mi. Mo ní ẹni tó fẹ́ tàn mí ni. Mi ò jẹ́ ẹ. O rántí òfin Màmá?” Mo ní mo rántí. Òfin Màmá ló pa mọ́, òfin náà ni kò sì jẹ́ kó bá a láàyè! Kò mọ̀ pé èmi ni obìnrin náà. Ó wá bú sẹ́kún, ó ní bí òun bá lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹnu mi ló yára jù mí lọ. Mo ní, “Má sunkún mọ́. Ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó pè ọ́. Ó wà nínú téèpù.”

Láti ìgbà náà ló ti ń kọ lẹ́tà sí mi, tí mo ń sọ pé wọ́n kó o lọ sí Ìbàdàn, pé wọ́n ń wá a. Ní báyìí, ó ti ní òun ń bọ̀, kí ikú ìyá òun tó pé ọdún kan. Lánàá, nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo fi téèpù tuntun sínú ẹ̀rọ, mo gbé orí sókè, mo sì ké e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, n kò gbàgbé ọ̀kan. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ láti gbọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn mi, Màmá ni mo gbọ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo sì ti dáhùn pé, “Màmá, mo wà níbí o!”

Téèpù náà ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi yìí. Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ fún un, ara rẹ̀ á balẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á lè sọ pé àwọn gbọ́ ohùn ìyá àgbà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Bí mo bá sọ òótọ́, mo máa pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó kù mí kù láyé, òun náà á sì tún pàdánù ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti pinnu láti dáná sun téèpù náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lónìí, mo ti mú ìṣáná lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Etí tí Màmá fà lọ́jọ́ náà ń dùn mí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Bí mo bá fi lè tan ẹ̀rọ náà, Òjó á dáhùn. Mo mọ̀ ọ́n, á dìde lórí àga, á sì dáhùn.