Ìṣó Tí Mo Jù Sínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń dí mi lọ́wọ́ àdúrà. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀, ọmọ mi fẹ́ lọ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ míì sílé, èyí tó sì fẹ́ rà kọ́ ló yẹ kó rà. Èmi ni mo fà á.

Opó ni mí, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Abúlé kan tó ń jẹ́ Ìrókò ni mo ti dáko, ibẹ̀ náà ni mo ti din gàrí títí orúnkún fi dá mi dúró. Fẹ́mi, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló wá kó mi lọ sílé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Mojí, ìyàwó rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa irúgbìn.

Ojú ń tì mí láti sọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, ìyókù ò ní yé yín. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára mi lójú oorun. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Bí mo bá jí tí ibùsùn tutù, màá fi ìró bò ó, màá sì lọ síbi àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá máa ronú bí mo ṣe máa fọ̀ ọ́ tẹ́nikẹ́ni ò fi ní rí mi.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé, Mojí á ti ká a kúrò, á ti kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, á sì ti tẹ́ òmíràn. Kì í sọ nǹkan kan. Á kàn ní, “Ẹ káàbọ̀, Màmá. Àdúrà á gbà o.”

Dídákẹ́ tó ń dákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo bi ara mi pé, kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ọkàn mi ní ó ń kó ẹ̀rí jọ ni. Mo rò pé ó ń dúró de ọjọ́ tó máa sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Ìyá rẹ ti di atọ̀ọ́lé, dá wọn padà sí Ìrókò.”

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, mo rò pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ṣí fèrèsé yàrá mi, mo ní ó fẹ́ kí àwọn ará ilé kejì gbóòórùn mi ni. Bó bá fún mi lẹ́ran tó tóbi, mo ní ó ń fi tù mí lójú ni.

Lásìkò yẹn, àwọn káfíńtà ń pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé, ìṣó sì wà nílẹ̀ káàkiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Fẹ́mi àti Mojí ti lọ síbi iṣẹ́, mo ṣa mẹ́rin nínú ìṣó náà, mo jù wọ́n sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ohun tí mo rò ni pé bó bá ti bà jẹ́, oníkálukú á máa fọ aṣọ tirẹ̀. Èmi á wá máa fi ọwọ́ ara mi bo ìtìjú mi.

Ó bà jẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe wá, ó tú u, ó sì kó ìṣó jáde. Ó ní ìṣó náà ti lu inú rẹ̀, omi sì ti wọ ibi tí iná wà. Ó ní kí wọ́n lọ ra òmíràn.

Fẹ́mi kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ṣé o kì í yẹ àpò aṣọ wò kó o tó kó o síbẹ̀ ni?”

“Mo yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ìṣó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọbẹ̀?”

Mo jókòó níbẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbé orí sókè.

Mojí wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí èyí tó máa pẹ́ lọ́wọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tú ti tẹ́lẹ̀, èwo ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í tètè bà jẹ́, èwo lèèyàn lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà n’Íbàdàn. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní kíṣìnnì, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Ńlá ni mo fẹ́, èyí tó lè gba kúbùsù. Kó sì lè mú omi gbóná fúnra rẹ̀, kí òórùn má baà kù lára aṣọ. Rárá o, ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́.”

Mo ní ó ti parí, ó ti ń sọ mí níta. Nígbà tí Fẹ́mi dé, mo pè é sí yàrá. Mo ní, “Ṣọ́ ìyàwó rẹ o. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ní o ò gbọdọ̀ gbọ́.” Mi ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo gbọ́. Mo mọ ohun tí ọkùnrin máa rò. Mo sì fi í sílẹ̀ kó máa rò ó.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Adégbàyí. Fẹ́mi nawọ́ sí ọ̀kan tó kéré. Mojí ní èyí tó tóbi, tó ń mú omi gbóná, lòun fẹ́.

“Àwa mélòó la wà nílé?” Fẹ́mi bi í. “Kí lo fẹ́ máa fọ̀? Àbí o fẹ́ di alágbàfọ̀ ni?”

Mojí la ẹnu. Ó wò mí. Ó tún pa ẹnu dé. “Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni.”

“Àbí ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló ní kó o rà á?”

Ẹni tó ń tajà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ò ra nǹkan kan. A wọ mọ́tò padà sílé. Mo ń sọ nínú ara mi pé ńṣe ló fi wíwò yẹn halẹ̀ mọ́ mi.

Ẹ̀rọ ti bà jẹ́, síbẹ̀ bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ṣì máa ń bá aṣọ míì lórí ibùsùn, mi ò sì mọ ibi tó ń gbé èyí tó tutù lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ni mo rántí pé mo gbàgbé awò ojú mi. Mo padà. Mo bá Mojí lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú báàfù àti kẹ́tùrù omi gbígbóná. Aṣọ ibùsùn mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báńdéèjì wà lápá òsì rẹ̀. Ó ti sọ fún wa pé ògì gbígbóná ló ta sí òun.

Mo pariwo, “Mojí! Kí lò ń fi aṣọ mi ṣe?”

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ rọra. Àwọn ará ilé kejì á gbọ́.”

“Jẹ́ kí wọ́n gbọ́!”

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó ti ń ṣe yín tipẹ́, Mà. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì yín. Mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ wa, ó ń ṣe ìyá tiẹ̀ náà. Ó ní ìtọ́jú wà fún un, òun máa bá wa wá dókítà. Ó ní kí n wá ẹ̀rọ tó lè fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́nikẹ́ni má baà gbóòórùn kankan lára yín. Mi ò sọ fún ọmọ yín. Ìyá rẹ̀ lẹ jẹ́. Mi ò fẹ́ kó máa fi ojú mìíràn wò yín.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Omi tó ń fi fọ ìtọ̀ mi ló bó o lápá. Kì í ṣe ògì.

Ẹ jọ̀ọ́, títí di òní, kò mọ̀ pé èmi ni mo ju ìṣó. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ba òun jẹ́ lójú ọkọ òun. Mo ti gbìyànjú láti tún un ṣe díẹ̀. Mo sọ fún Fẹ́mi pé, “Ra èyí tí ìyàwó rẹ fẹ́.”

Ó wò mí tìfura-tìfura. “Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ṣọ́ ọ. Kí ló fún yín jẹ tẹ́ ẹ fi yí ohùn padà?”

Fẹ́mi kì í jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá sè mọ́. Ó ń tú fóònù rẹ̀ wò. Ó ní òun nìkan lòun máa yan ẹ̀rọ náà ní Sátidé, èyí tó kéré, àti pé Mojí ò ní fọwọ́ kàn án, torí kò mọ nǹkan lò.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ fún Fẹ́mi, á mọ̀ pé mò ń tọ̀ sára, á sì tún mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí mo bá sọ fún Mojí, ẹ̀rù ń bà mí pé kò tún ní pè mí ní Màmá mọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, mò ń jẹ́ kó gba ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ.

Mojí ń pè mí lẹ́yìnkùlé báyìí. Ó ti fọ kúbùsù mi tán, apá kan péré ló sì lè lò. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di etí kejì mú, ká jọ fún un.” Mo fẹ́ dìde. Kí ni kí n sọ fún un bí mo bá débẹ̀?