Bébà Ṣíngọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Dípò Fíúsì

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́ ní Abẹ́òkúta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà ni. Ọdún méje ti kọjá, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa kan ń wá ríwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mo ní kó lọ bá Lámídì ní Kemta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin gan-an lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí òun ló dáná sun ọkọ̀ yín."

Lámídì kọ́ ló dáná sun ún. Èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọkọ̀ mi ti gbó. Nígbà òjò ọdún náà, wáípà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, fíúsì rẹ̀ sì ń jó lemọ́lemọ́. Lámídì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní mọ́tò kékeré tó ń yí wáípà ti dípẹtà, iná tó ń fà sì ti pọ̀ jù. Ó fi fíúsì tuntun sí i. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má tan wáípà títí òun yóò fi rí mọ́tò mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń lọ gbé ìyàwó mi ní Ìtòkú, níbi tó ti ń ta àdìrẹ. Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Mo tan wáípà, fíúsì jó. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo yọ ọ́, mo fi bébà dídán ara ṣíngọ́ọ̀mù wé e, mo sì tì í padà. Mo ti rí i tí àwọn awakọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wáípà ṣiṣẹ́. Mo tilẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tún èrò kan ṣe níbí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé fíúsì tó jó ni àìsàn ọkọ̀. Rárá o. Fíúsì ń jó kí wáyà má baà jó ni. Bébà tèmi, tó ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára, ń gba iná kọjá ṣùgbọ́n kò jó, nítorí náà wáyà ló jó.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ń padà bọ̀, tí a sún mọ́ Ṣàpọ́n, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde níwájú wa. A sáré bọ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn da iyẹ̀pẹ̀ sí i títí iná fi kú. Kò sí ohun tó ṣe wá, àmọ́ gbogbo wáyà iwájú ọkọ̀ ti yọ́.

Ìyàwó mi béèrè pé ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kẹ́yìn. Mo ní Lámídì ni, lánàá. Lóòótọ́ ló fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tó ṣáájú, àmọ́ irọ́ ni mo fi òótọ́ yẹn pa.

Ọ̀rọ̀ dé etí alága àwọn mẹkáníìkì, ó sì pe èmi àti Lámídì. Níwájú gbogbo wọn, Lámídì fi ọ̀wọ̀ bi mí bóyá mo fọwọ́ kan ibi tí fíúsì wà.

Mo ní, "Lámídì, èmi tíṣà, kí ni mo mọ̀ nípa fíúsì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní àgbà tíṣà kò ní í purọ́. Ni Lámídì bá dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ mí nítorí ohun tí kò ṣe.

Ó tún gbogbo wáyà náà ṣe. Lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ wá sílé, ó fún mi ní fíúsì mélòó kan nínú ọ̀rá. Ó rọra sọ pé, "Tíṣà, tí ọ̀kan bá jó, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀. Bébà ò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀."

Ó ti rí i. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bóyá ó mọ̀ pé wọn kò ní í gba òun gbọ́ ju tíṣà lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà ti ń yẹra fún un. Mo máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, n kò ní í rí ọkọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ń dìde kí mi: "Ẹ kú àárọ̀, Tíṣà." Èmi náà á dáhùn, n ó sì máa lọ.

Mo ti pinnu láti túúbá. Lójú tèmi, ibi tí mo ti purọ́ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́, níwájú alága àti gbogbo wọn. Àmọ́ ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Lámídì nílé ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá jẹ́ òun nìkan ni mo bá, yóò ní ó ti tán, kí n má dójú ti ara mi, èmi yóò sì gbà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ sì fi tèmi kọ́gbọ́n. Tí fíúsì ọkọ̀ yín bá ń jó, ẹ wá ohun tó ń mú un jó. Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ yín ló ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé ẹlòmíràn dọ̀bálẹ̀ nítorí yín.