Mo Ní Kì í Ṣe Eruku Igi

Màmá, ẹ bá mi pa rédíò yẹn ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, èmi ni mo pè yín. Èmi náà ni mo bẹ ìyàwó yìí pé kó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ ẹ̀ ò fẹ́ wojú ẹ̀. Dírẹ́bà, jẹ́ kó jókòó. Láti ọdún kan ààbọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ òpó, tí ẹni tó wà níta ò ní mọ̀ títí òpó á fi wó. Lónìí ni n ó sọ ọ́. Bí mo bá parí, ẹni tó bá fẹ́ lé mi jáde kó lé mi.

Gbogbo yín mọ yàrá iṣẹ́ mi lẹ́yìn ilé. Èmi àti ilé ìdáná Màmá, ìyá Dírẹ́bà, la jọ ní ògiri kan. Ibẹ̀ ni mo gbé tábìlì ráútà mi sí. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, tábìlì ni, a gbé ẹ̀rọ kọ́ sábẹ́ ẹ̀, ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà á yọrí jáde nínú ihò, a ó wá máa ti pákó kọjá lára ẹ̀ kí etí pákó lè gún régé. Iṣẹ́ ẹ̀ dára, àmọ́ eruku ẹ̀ ò ṣeé bá gbé. Pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ yẹn ló burú jù, eruku ẹ̀ kúnná bí àtíkè. Ìyàwó mi ní bí òun bá tún rí i lórí ibùsùn òun, èmi àti tábìlì la ó jọ máa sùn.

Ni mo bá ṣe bí ọ̀gá. Mo kan àpótí yí ẹ̀rọ náà ká lábẹ́ tábìlì, mo dá ihò kan sí i fún páìpù. Mo dá ìkejì sẹ́yìn igi ìfarati tí pákó ń bá kọjá, níbi tí ọ̀bẹ ti ń jẹ igi gan-an. Páìpù méjèèjì pàdé di ọ̀kan, ó wọnú garawa onídèérí kí ìgé igi tó tóbi lè jábọ́ síbẹ̀, èyí tó kù á wọnú ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Asẹ́ kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tó ń gba èyí tó kúnná. Àmọ́ asẹ́ máa ń dí. Bó bá ti dí, ẹ̀rọ á kàn máa kùn lásán ni, àfi kéèyàn máa gbọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ọ̀lẹ mú mi. Mo yọ asẹ́, mo sọ ọ́ sí ààtàn, mo luhò sí ògiri, mo sì ti páìpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde gba ibẹ̀. Ìyàwó Dírẹ́bà yìí ló rí asẹ́ náà nígbà tó ń gbálẹ̀, ló bá gbé e wá fún mi. "Bàbá, nǹkan yín rèé o, mo bá a ní ààtàn." Mo ní kó sọ ọ́ nù, kò wúlò mọ́.

Yàrá iṣẹ́ mi mọ́ tónítóní. Ìyàwó mi yìn mí. N ò lọ wo òdìkejì ògiri. Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, mo ti tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i pé fèrèsé ilé ìdáná Màmá ni ẹnu páìpù kọjú sí. Mo ní afẹ́fẹ́ á gbé e lọ.

Kò pé oṣù méjì tí ikọ́ fi mú Màmá. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá pa ẹ̀rọ. Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lójúde yín pé, "Kápẹ́ńtà, ìyàwó ọmọ mi yìí ń wò mí. Bó bá ti ń se ọbẹ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kí ló ń fi pa mọ́?" Ara fu yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ín rìn nínú ilé, ẹ̀ ń gbóòórùn omi kẹ́ ẹ tó mu ún. Mo mọ ìdí tó fi ń ti ilẹ̀kùn. Ó ti sọ fún mi pé ariwo ẹ̀rọ mi ló ń lé òun, àmọ́ òun ò lè ti fèrèsé nítorí èéfín. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dáhùn pé, "Ẹ máa ṣọ́ra, Màmá." Ẹnu tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Ọjọ́ tí ẹ rí lẹ́búlẹ́bú lórí ìdérí ìkòkò, mo gbọ́ igbe yín pé májèlé ni. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà pẹ̀lú. "Màmá, n ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé. Ẹ pe Bàbá Kápẹ́ńtà wá, àwọn mọ eruku, àwọn á sọ fún yín." Èmi ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ mọ nǹkan tí mo ṣe kẹ́ ẹ tó wá kanlẹ̀kùn? Mo fa páìpù yọ, mo rọ àkísà sínú ihò, mo gbé àpótí dí i, mo sì fọwọ́.

Dírẹ́bà ti bù ú sínú bébà. Mo gbà á, mo fìka bù ú, mo gbé e símú. Ogójì ọdún ni mo ti ń fa igi símú. Bẹ́ ẹ bá dì mí lójú, mo lè sọ irú pákó tí ẹ gbé wá. Mo ní, "Èyí kì í ṣe eruku igi." N ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Apá mi ló ń wò, níbi tí eruku kan náà ti lẹ̀ mọ́ irun. Mo fa ọwọ́ aṣọ mi bò ó.

Ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú báàgì méjì. Ẹ̀rù wá bà mí, mo ra asẹ́ tuntun lọ́sẹ̀ yẹn, mo fi í sínú ẹ̀rọ, mo sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò. Kò pẹ́ tí ikọ́ Màmá fi dáwọ́ dúró. Gbogbo yín ní, "Ẹ ò rí i? Ó lọ, ikọ́ náà lọ." Nǹkan tí mo tún ṣe ló wá di ẹ̀rí tó dá a lẹ́bi. Mo wà láàárín yín, mo mi orí pẹ̀lú yín.

Láti ìgbà náà, èmi gan-an ni mo wá ń fura sí gbogbo èèyàn. Bí ìyàwó mi bá gbá yàrá iṣẹ́, mo máa ń wò ó bóyá ó ń wo ògiri. Bí Dírẹ́bà bá kí mi, mo máa ń ronú pé kí ló dé tó fi kí mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ikọ́ tèmi, èyí tí dókítà ní kò ní lọ mọ́. Ìyàwó yìí ni mo bá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti dá asẹ́ yẹn padà sáyè ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa. Ìyẹn ni ikọ́ Màmá fi lọ." Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ta ni ì bá gbà á gbọ́, nígbà tí èmi tí mo mọ eruku ti sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, bí yàrá yín bá mọ́, ẹ béèrè ibi tí ìdọ̀tí ẹ̀ lọ. Òkò tí mo sọ sọ́jà, ará ilé mi ló bà. Màmá, ẹ forí jì mí bẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ìyàwó, n ò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́, mo kàn dọ̀bálẹ̀ fún ọ ni. Dírẹ́bà, mo mọ̀ pé bébà yẹn ṣì wà nínú àpótí ẹ. Lọ gbé e wá, kí o wo ojú ìyàwó ẹ bí o ṣe ń bọ̀. N ò ní gbé e símú lẹ́ẹ̀kejì. Eruku igi ni.