Ọkọ Ni Yóò Wẹ Ọmọ

Lọ́dún tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀, mo tò sórí ìlà lójú títì Allen, níbi tí a ti ń sanwó pe ìlú òyìnbó lórí fóònù, ni ìyá kan bá gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá.

"Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, oyún àkọ́kọ́, oṣù kẹjọ rèé, ó ní kí n má wàhálà wá mọ́. Ọkọ òun ni yóò wẹ ọmọ!"

"Ọkọ kẹ̀! Níbo ló ti kọ́ ọ?"

"Wọ́n jọ ń lọ sí kíláàsì ni. Ọmọlangidi ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ṣé ọmọlangidi máa ń ta ẹsẹ̀ ni? Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé jíju tí a máa ń ju ọmọ sókè kò dáa. Òun náà tí a jù sókè, ibo ló já sí? Ṣebí Lọ́ńdọ̀nù ló já sí!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ̀yin gan-an lẹ wẹ̀ ẹ́ nígbà náà?"



"Ìyá mi ni. Ogójì ọjọ́ gbáko, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án nínú omi. Ẹkún ni mo ń sun. Ìyá mi á ní kí n ṣáà jókòó ti òun."

Ó nu ojú rẹ̀. "Kí ọkọ rẹ̀ máa wẹ ọmọ. Ta ni yóò jókòó ti ọmọ mi?"

Ló bá wá tò sẹ́yìn mi láti tún pe ọmọ rẹ̀.