Akèrègbè Méjì Lórí Ọ̀sà

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ̀yin ará, Ẹni tó fi ẹnu ará Ìfọ́n tó ń bá wa jà sí ilẹ̀ yọ ará Ìlọ́bù bíi tèmi nínú ẹjọ́. Rájí, ọmọ Ìfọ́n tí a jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló kọ́kọ́ sọ fún mi bí wọ́n ṣe gbẹ́ kòtò dè mí. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ mi ni láti dán àwọn atukọ̀ ìgbòkun wò lórí ọ̀sà kí ìjọba tó fún wọn níwèé àṣẹ. Màá ṣàdédé ju akèrègbè sómi, màá ní, "Èèyàn ti bọ́ sómi." Atukọ̀ gbọ́dọ̀ yí padà, kó kọjú ọkọ̀ sí atẹ́gùn kí ìgbòkun lè dẹ̀, kó sì dúró wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akèrègbè, kí wọ́n fọwọ́ mú un.

Lọ́dún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Sálámì wá dánwò. Ọmọ Ìfọ́n lòun náà. Rájí ló ń bá a di okùn mú. Mo ju akèrègbè. Sálámì jẹ́ kí atẹ́gùn ti òun lẹ́yìn, ó sáré bọ̀, ó gorí ẹ̀, ó fọ́ ọ. Mo ní, "Fara balẹ̀." Mo ju èkejì. Ó tún gorí ìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó féèlì.

Kò pẹ́ sígbà náà, òyìnbó ọ̀gá wa ní, "Máa lọ sílé ná. Ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ." Ẹ̀sùn wo? Kò sọ. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ń bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo kẹ́rù wálé.

Ilé ni Rájí wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, Sálámì kọ̀wé pé torí ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n lẹ ṣe ní òun féèlì."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o kì í ṣe ọmọ Ìfọ́n ni?"

"Ọmọ Ìfọ́n ni mí, sà. Ṣùgbọ́n mo wà nínú ọkọ̀ náà."

Ó padà lọ jẹ́rìí ohun tó rí níwájú òyìnbó. Àwọn ará ilé ẹ̀ pè é lọ́dàlẹ̀. Ọ̀gá ní kí Sálámì tún ọkọ̀ tù lójú òun; ó tún gorí akèrègbè. Ni wọ́n bá kọ̀wé pè mí padà. Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn Sálámì délé, ẹ̀yin ìjọ yìí ń wá kí mi. Bàbá Délé tí wọ́n jókòó síwájú yẹn gbá mi léjìká: "Ìyàndá, o ṣe é. Jẹ́ kí àwọn ará Ìfọ́n mọ̀ pé a léèyàn l'Ékòó." Ìyá kan gbé iyán wá. Mo ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò sí níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "A gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ó máa wí." Irọ́ tí Sálámì fi ń bà mí jẹ́ lẹ̀yin fi ń yìn mí.

Ìwọ tí wọ́n ń purọ́ mọ́ lónìí, má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run lè mú ẹlẹ́rìí wá láti ibi tí o ò fojú sí. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, ẹ dá mi lóhùn: nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi kú iṣẹ́, ta ló bi mí bóyá Sálámì mọ ọkọ̀ tù?